Wọ́n Sọ Phoebe di Apòògùn kí Ó Tó Dé Yábàá

Ní ọjọ́ ìsinmi kan ní ìparí ọdún 1955, Ọ̀gbẹ́ni Adébíyì dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Sókótó láti dúpẹ́. Gbogbo ará ilé rẹ̀ ló mọ ohun tó fẹ́ dúpẹ́ lé lórí: ibà tó dá a dúbúlẹ̀ ti lọ. Ó dúpẹ́ ibà tán, ó yẹ kó jókòó, kò jókòó. Ó fa ẹ̀wù rẹ̀ wálẹ̀ dáadáa, ó ní:

"Ẹ tún bá mi yọ̀ o. Phoebe ọmọ mi tó ti Abẹ́òkúta dé, apòògùn ni yóò dà. Ilé-ìwé àwọn apòògùn ní Yábàá ló ń lọ."

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ṣe àmín. Àwọn obìnrin tó wà níwájú Phoebe yíjú padà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí i. Phoebe tẹ orí mọ́lẹ̀. Kò tíì lọ síbì kankan. Kò tíì ṣe ìdánwò. Kò tilẹ̀ mọ bí òun yóò ṣe ṣe é, nítorí físíìsì àti kẹ́mísírì ni wọn yóò fi dán àwọn tó fẹ́ wọlé wò, kò sì sí èyí tó mọ̀ nínú méjèèjì.

Kì í ṣe pé ó ya ọ̀lẹ. Ní ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin tó ti wá, wọ́n kọ́ wọn ní Bíbélì, wọ́n kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò, wọ́n kọ́ wọn bí a ti ń rán aṣọ ọmọ ọwọ́. Wọ́n tún kọ́ wọn bí ewé ṣe ń mí. Nígbà tí wọ́n dé orí ewé, wọ́n ní ó tó fún obìnrin. Ṣùgbọ́n Phoebe ti ṣàìsàn nígbà kan níbẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, ó sì rí obìnrin kan tó wọ aṣọ funfun, tó dúró lẹ́yìn fèrèsé kékeré tí wọ́n ti ń gba oògùn. Ó rò pé nọ́ọ̀sì ni. Wọ́n ní kì í ṣe nọ́ọ̀sì, òun ló ń po oògùn tí dókítà bá kọ. Obìnrin náà gbé ìgò kan sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó wò ó, ojú rẹ̀ kò kúrò lára rẹ̀ títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Láti ọjọ́ náà ni Phoebe ti mọ iṣẹ́ tí òun fẹ́ ṣe. Bàbá rẹ̀ nìkan ló sọ fún. Ó rò pé àṣírí ni.

Akọ̀wé ni bàbá rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ọ̀nà. Ará Ìjẹ̀bú ni, wọ́n ṣí i lọ sí Sókótó, ó sì gba ilé alámọ̀ kan ní Kofar Marke, ilé alágbàlá tó tutù láàárọ̀, tó sì ń gbóná bí ààrò tó bá di ọ̀sán. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé wọn àti ti obìnrin ará Ìlọrin kan tó ń ta góòrò ní Babbar Kasuwa, ọjà ńlá ìlú náà. Ìyá Bùsírátù ni gbogbo èèyàn ń pè é. Obìnrin ńlá ni, ohùn rẹ̀ ń gba orí ògiri kọjá láìjẹ́ pé ó pariwo.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ọpẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, omi tíì kò tíì hó nígbà tí Ìyá Bùsírátù wọlé.

"Ẹ kú àárọ̀ ilé yìí o. Fíbì dà? Màmá ẹ ti sọ fún mi. Wallahi, inú mi dùn. Ẹ̀yìn mi yìí, láti ìgbà ọyẹ́ èṣí ló ti ń dùn mí. Kí ni kí n lò sí i?"

Phoebe kúnlẹ̀ kí i. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ṣùgbọ́n mi ò tíì lọ sí ilé-ìwé ọ̀hún."

"Mo mọ̀. Èyí tóo bá ti mọ̀ ni kóo sọ."

"Mi ò tíì mọ nǹkan kan, mà."

"Haba, Fíbì! Ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà, ṣé ìgbà tó bá débẹ̀ ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ìrun ni?"

Phoebe gbé àga wá fún un. Ó ní kí wọ́n lọ sí ọsibítù.

"Ọsibítù!" ni Ìyá Bùsírátù wí. "Tó bá jẹ́ ọsibítù ni mo fẹ́ lọ, ṣé n ò mọ ọ̀nà ni?" Ó jókòó, ó mu tíì, ó sọ ìtàn ẹ̀yìn náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì dìde títí oòrùn fi wọ àgbàlá.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wá, ó ní etí òun ń hó. Ìyàwó kúlẹ́ẹ̀kì kan wá pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, ó ní ọmọ náà kò sanra tó ọmọ tó wà lára agolo mílíìkì. Larai, ìyá àgbà tó máa ń gbé fúrá, ọkà tí wọ́n fi wàrà pò, kiri, gbé igbá rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ki ìka bọ ẹnu láti fi eyín tó ń ro ó han Phoebe, ó ń sọ pé, "Magani, magani." Àwọn ọmọ àdúgbò gbọ́, wọ́n sì sọ Phoebe ní Mai Magani, ìyẹn olóògùn. Bó bá ti yọ láti lọ ra kẹrosíìnì ni wọ́n á ti máa pè é láti òpin òpópó.

Ó gbìyànjú láti máa sọ òótọ́ fún gbogbo wọn. Òótọ́ kò wúlò. Bó bá ní òun kò mọ̀, wọ́n á ní ó ń gbéra ga, wọ́n á ní ó fẹ́ gbowó kó tó sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan tí ó ti rẹ̀ ẹ́, ó sọ fún ẹni tó ń tẹ dùùrù pé kó lọ mu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, kó sì sùn. Kí ọkùnrin náà sáà lè máa lọ ló ṣe sọ ọ́. Ní ọjọ́ kẹta ó padà wá tayọ̀tayọ̀, ó ní etí ti dákẹ́. Láti ìgbà náà ni èrò ti wá di ìlọ́po méjì.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn," ni Phoebe wí.

Ìyá rẹ̀ ń rán aṣọ lẹ́bàá fèrèsé. Obìnrin tó fẹ́ràn àlejò ni, láti ìgbà tí wọ́n sì ti dé Sókótó, àlejò ò pọ̀ tó bó ṣe fẹ́. "Kí ni kí n sọ? Ìwọ sáà dá wọn lóhùn. Kò sóhun tí wọ́n ń bèèrè ju ìyẹn lọ."

"Mi ò mọ ìdáhùn, Màmá!"

"Ìwọ náà ti le jù."

Ohun tó ń gbé Phoebe ró nígbà náà ni pé ó ti rí olùkọ́. Isaac ni orúkọ rẹ̀, ará Ògbómọ̀ṣọ́, tíṣà ní ilé-ìwé ìjọ. Ọkùnrin tó mọ́ tónítóní ni, ṣòkòtò péńpé rẹ̀ máa ń dúró bíi páálí nítorí sítáàṣì. Ọjọ́ tí bàbá Phoebe ṣe ọpẹ́ náà gan-an ló bá a lẹ́yìn ìsìn, ó ní, "Ẹ fi físíìsì àti kẹ́mísírì sílẹ̀ fún mi, sà. Ẹ má ronú nípa rẹ̀ mọ́." Bàbá fọwọ́ gbá a lẹ́yìn. Wọ́n fàdéhùn sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, tí ilé-ìwé bá ti tú. Ìyá Phoebe ní òun yóò máa din dùǹdú dè é.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, Tíṣà Isaac kọ ọ́ gàdàgbà sórí ìwé pé, "Kí ni Sáyẹ́ǹsì?" Ó fi wákàtí kan ṣàlàyé rẹ̀. Ó dára. Lọ́jọ́ kejì, ó sọ ìtàn ìgbésí ayé àwọn èèyàn ńlá tó ṣe sáyẹ́ǹsì, bí òtòṣì ṣe pọ̀ nínú wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ó sọ bí wọ́n ṣe kọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí òun ti gba ìwé-ẹ̀rí tíṣà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó sọ̀rọ̀ lórí odò Rima, ibi tó ti ṣẹ̀ àti ibi tó ń ṣàn lọ. Phoebe ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó rò pé ìpìlẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ìwé kẹ́mísírì ń bẹ lórí tábìlì, bàbá rẹ̀ ló ní kí wọ́n rà á wá láti Kàdúná. Nígbà tí Phoebe rí i pé wọn kò ṣí i, ó ń kà á fúnra rẹ̀ láàárọ̀ kí èrò tó dé. Ó dé ibì kan tí wọ́n ti kọ lẹ́tà tí nọ́ńbà kékeré sì wà nísàlẹ̀ lẹ́tà. Kò yé e. Ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbé e síwájú Tíṣà Isaac.

"Sà, méjì kékeré tó wà nísàlẹ̀ yìí, kí ló wá ṣe níbẹ̀?"

Tíṣà wo ìwé náà pẹ́. Ó mú dùǹdú kan, ó jẹ ẹ́ tán. Ó ní, "Èyí? Má da ara rẹ láàmú. Kì í jáde nínú ìdánwò."

Lẹ́yìn tó lọ, Phoebe ṣí ìwé náà láti ibẹ̀ dé ẹ̀yìn. Kò sí ojú ewé kan tí nọ́ńbà kékeré kò sí.

Síbẹ̀ ó ń jókòó gbọ́ ẹ̀kọ́ náà. Wọ́n tọ́ ọ dáadáa, ẹni tó sì tọ́ ọ kò kọ́ ọ bí a ṣe ń bi tíṣà pé ṣé ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọyẹ́ dé, ètè ń bó, eruku bo ìwé. Bó bá bèèrè nǹkan, Tíṣà á ní, "A ó débẹ̀." Bí kò bá bèèrè, Tíṣà á sọ̀rọ̀ lórí ìdí tí ọyẹ́ fi máa ń wá. Àwọn tó fẹ́ gba oògùn pàápàá á wá bá wọn níbẹ̀, wọ́n á jókòó tì wọ́n, wọ́n á máa gbọ́ ẹ̀kọ́, wọ́n á sì máa gbóríyìn fún tíṣà.

Ní ọjọ́ kan nínú oṣù kejì, ọ̀rọ̀ náà kún un dé ọrùn. Tíṣà Isaac jẹun tán, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ilẹ̀. Phoebe ti ìwé kẹ́mísírì sí i lábẹ́ imú.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìṣirò kan ṣoṣo yìí. Ẹ bá mi ṣe é."

"Lónìí, ojú mi ń ṣe mí bákan…"

"Màá kà á fún yín." Ó kà á sókè. Ó dúró. Tíṣà ń wo àwo dùǹdú.

"Sà, ẹ máà bínú. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Ọkùnrin náà yọ áńkáṣíìfù, ó nu ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n."

"Èyí nìkan ni, tàbí…"

"Gbogbo rẹ̀."

Ó wá sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni ń jẹ́wọ́ fún àlùfáà. Ó ní lọ́jọ́ ọpẹ́ yẹn, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló yíjú sí òun nítorí òun ni tíṣà, ẹnu òun sì ti sọ ọ́ kí òun tó rò ó. Ó ní òun ti ra irú ìwé náà kan, èrò òun ni pé òun á máa kà á ṣáájú Phoebe díẹ̀díẹ̀, kí òun sì máa kọ́ ọ ní èyí tí òun bá ti kà. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kékeré yẹn ló dá òun náà dúró.

Phoebe gbìyànjú láti dákẹ́, kò lè dákẹ́. "Láti ìgbà ọpẹ́, sà! Ẹ mọ odò Rima, ẹ mọ ọyẹ́, ẹ mọ gbogbo rẹ̀! Ìdánwò ku oṣù mẹ́rin! Ẹ̀ bá ti sọ fún mi, mi ò bá ti wá ẹlòmíràn!" Ó bú sẹ́kún, kì í ṣe ẹkún ìbànújẹ́, inú ló ń bí i. Ìyá rẹ̀ sáré wá láti ilé ìdáná, ó bi wọ́n pé kí ló dé. Tíṣà Isaac mú fìlà rẹ̀, ó jáde láì kí ẹnikẹ́ni.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó tún rí i. Nígbà tó dé, kò wọlé, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Ó ní òun ti lọ bá ẹnì kan tí àwọn jọ máa ń gbá bọ́ọ̀lù. Málàmù Sàní ni wọ́n ń pè é, ó ń kọ́ àwọn ọmọkùnrin ní sáyẹ́ǹsì ní ilé-ìwé ìjọba kan nílùú. Ó ní Málàmù gbà láti máa kọ́ Phoebe láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, tí àwọn ọmọ bá wà lórí pápá, ọ̀gá ilé-ìwé náà sì ti fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ọmọbìnrin kan kò lè dá wà nínú yàrá pẹ̀lú ọkùnrin. Ìyá rẹ̀ ní láti máa bá a lọ.

"Mo bẹ̀ yín," ni Tíṣà Isaac wí. Phoebe dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Inú ṣì ń bí i, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ó ná ọkùnrin náà láti lọ sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun kò mọ̀ ọ́n.

Báyìí ni ìyá Phoebe ṣe bẹ̀rẹ̀ sí lọ sí ilé-ìwé ní ọjọ́ orí rẹ̀. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ ìránṣọ rẹ̀ dání, ó gbé abẹ̀bẹ̀ dání, ó gbé ẹ̀pà. Ó jókòó sórí àga gíga kan nínú yàrá náà, àwọn ìgò tò yí i ká, kò sì fọkàn tán ọ̀kankan nínú wọn.

Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni Málàmù Sàní, kì í gbóhùn sókè, kì í sì í sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì. Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń bá Phoebe sọ̀rọ̀. Ní Sátidé àkọ́kọ́, ó ní kó fọ ìgò. Ní Sátidé kejì, ó ní kó tún fọ̀ ọ́. Phoebe rò pé kò ní í já sí nǹkan kan mọ́, pé tíṣà odò Rima mìíràn tún ti dé. Ó bi í pé ìgbà wo ni àwọn yóò bẹ̀rẹ̀ kẹ́mísírì. Málàmù gbé ìgò kan sókè, ó fi ibi tí ọ̀rá ọwọ́ wà hàn án, ó ní ohun tó wà nínú ìgò kí ó tó da nǹkan sí i wà lára ìṣirò. Phoebe fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ìyẹn yé e.

Nọ́ńbà kékeré náà, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ló fi ṣàlàyé rẹ̀. Phoebe wo ògiri fún ìgbà díẹ̀, ó ń rántí gbogbo dùǹdú yẹn.

Ìyá rẹ̀ kò gbé ẹnu sójú kan. "Phoebe, fà sẹ́yìn! Ṣé kò ní bú?" "Málàmù, ẹ kú iṣẹ́ o. Orúnkún mi yìí ńkọ́?" Ìyẹn ni pé ó ń fi Hausa táṣẹ́rẹ́ tó kọ́ lọ́jà bèèrè oògùn orúnkún lọ́wọ́ Málàmù. Phoebe á fi ojú bẹ̀ ẹ́. Málàmù á rọra ní, "Sannu, Mama," ìyẹn ẹ pẹ̀lẹ́, á sì máa bá iṣẹ́ lọ.

Iṣẹ́ tó le jù fún Phoebe ni ti ásíìdì. Wọ́n á da omi ásíìdì sínú ìgò gbọọrọ kan tó ní ẹnu ẹ̀rọ kékeré nísàlẹ̀, wọ́n á máa kán an sínú omi mìíràn tí wọ́n ti kán aró díẹ̀ sí, omi náà á pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Bí ásíìdì bá ti tó, pupa náà á kúrò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀kán kan ló wà láàárín kò tíì tó àti ó ti pọ̀jù. Phoebe ń kán an, kò mí. Lójú tirẹ̀, omi ṣì pọ́n.

"Ó ti lọ! Ó ti lọ!" ni ìyá rẹ̀ ké láti orí àga.

Ọwọ́ Phoebe fò. Ásíìdì ya wọlé. Iṣẹ́ bàjẹ́.

Wọ́n tún un ṣe. Ìyá tún ké. Nígbà kẹta, Phoebe gbé ìgò sílẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́! Mo lójú!"

"Bóo bá lójú, kí ló dé tóo tún kán mẹ́ta sí i lẹ́yìn tí pupa ti lọ?"

Málàmù Sàní tẹ̀ síwájú. Ó wo ibi tí ásíìdì dé lára ìgò gbọọrọ, ó ṣe ìṣirò lórí bébà. Ó wo ìyá Phoebe. Ó ní, "Gaskiya ne, Mama." Ìyẹn ni pé òótọ́ ni.

Ìyá gbọ́ Hausa yẹn yékéyéké. Títí ọ̀sẹ̀ fi parí, kò sí ẹni tó wọ ilé wọn tí kò gbọ́ bí Málàmù ilé-ìwé ìjọba ṣe jẹ́rìí sí ojú òun. Phoebe kò lè jiyàn. Ó fẹ́ jiyàn gan-an. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúró kí ó tó kán èyí tó kàn, ó ń fi ọ̀tẹ̀ ṣe é, kí ìyá rẹ̀ má bàa rí nǹkan ké sí.

Oṣù kẹrin dé pẹ̀lú ooru rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Phoebe jókòó lábẹ́ òjìji ògiri, ó fi aṣọ tútù lé orí, ó ń ka físíìsì. Ìyá Bùsírátù wọlé, ó pọn ọmọ ọwọ́ kan sẹ́yìn, ọmọ Bùsírátù ọmọ rẹ̀ ni, tó ń wúkọ́. Ó yọ ìgò kan jáde láti inú àpò, wọ́n ya kìnnìún sí i lára.

"Ọkùnrin kan tó ń kiri lọ́jà ló tà á fún mi. Ṣíbí mélòó ni kí n fún un?"

"Mi ò mọ̀, mà. Ẹ má fún un."

"O ò mọ̀, o sì ní kí n má fún un?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù."

"Ìgbà gbogbo, ọsibítù, ọsibítù! Ìwé tó wà lọ́wọ́ ẹ yìí, kí ló sọ?"

"Ìwé dígí ni, mà! Ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń sọ níbẹ̀!"

"Ìwé apòògùn kọ́ ni?"

Phoebe dìde dúró. Aṣọ tútù bọ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀. "Mi ò mọ̀! Mi ò mọ̀, mi ò mọ̀! Nítorí pé mi ò mọ̀ ni mo ṣe ní kẹ́ẹ má fún un! Ọmọ ọwọ́ ni! Ẹ̀yin náà ò mọ̀, ẹni tó tà á fún yín ò mọ̀, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀!"

Gbogbo àgbàlá tó wà nítòsí ló gbọ́. Larai tó ń bọ̀ pẹ̀lú fúrá yà gba ibòmíràn lọ. Ìyá Bùsírátù wo ọmọbìnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀, ó so ọmọ mọ́ra dáadáa, ó jáde, kò sọ̀rọ̀. Kò tíì ṣẹlẹ̀ rí pé kó jáde láì sọ̀rọ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, nígbà tí ìkíni kankan kò ti orí ògiri wá, ìyá Phoebe fà á lọ́wọ́ lọ tọrọ àforíjì. Phoebe kúnlẹ̀. Ó ní kí wọ́n má bínú, ooru ló mú òun. Ìyá Bùsírátù ń ṣa góòrò, kò gbójú sókè.

"Dìde. Mo ti lọ sí ọsibítù. Èèyàn tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, kò jágbe mọ́ mi. Ó gbóòórùn ìgò náà, ó ní kò yẹ kí ọmọ ọwọ́ mu ún, ó dà á nù. Ó fún mi ní òmíràn. Ọmọ ń sùn nínú yàrá yẹn. Gbólóhùn méjì péré ló sọ. Nígbà tóo bá dé Yábàá, sọ fún wọn kí wọ́n kọ́ ọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀."

"Ẹ ṣeun, mà," ni Phoebe wí.

Nígbà tí wọ́n ń padà sílé, ìyá rẹ̀ ní, "Ó kúkú lọ sí ọsibítù. Ọgbọ́n tó dára ló dá."

"Ohun tí mo ti ń sọ láti ọdún tó kọjá nìyẹn, Màmá!"

"Má tún jágbe mọ́ èmi náà o."

Ní oṣù kẹfà, Phoebe àti bàbá rẹ̀ wọ lọ́rì dé Gusau, wọ́n wọ rélùwéè láti ibẹ̀ lọ sí Kàdúná, níbi tí wọn yóò ti ṣe ìdánwò. Phoebe gbé ìwé lé orí ẹsẹ̀ láti kà á lójú ọ̀nà. Lọ́rì kò tíì kúrò ní Sókótó tí bàbá rẹ̀ fi sọ fún ẹni tó jókòó tì í pé apòògùn ni ọmọ òun. Kí wọ́n tó dé Gusau, ọkùnrin kan ti bọ́ bàtà láti fi egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ han Phoebe. Phoebe pa ìwé dé. "Ẹ lọ sí ọsibítù, sà," ló wí, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ tí Ìyá Bùsírátù ì bá fọwọ́ sí. Ó yíjú síta, ó ń wo eruku.

Obìnrin kò pọ̀ nínú àwọn tó wá ṣe ìdánwò. Físíìsì kò rọrùn, ó fi ìbéèrè méjì sílẹ̀ láì fọwọ́ kàn wọ́n, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ti dígí tó ti kà títí orí fi fọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé ásíìdì àti ìgò gbọọrọ síwájú rẹ̀, ó kọ́kọ́ fọ gbogbo ìgò náà. Ẹni tó ń ṣọ́ wọn ní wọ́n ti fọ̀ wọ́n. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ó sì ń fọ̀ wọ́n lọ. Yàrá náà dákẹ́ rọ́rọ́. Ó kán an, ó dúró, ó kán an. Pupa náà lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ti kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ kí ó tó mọ̀ pé òun ti mú un kúrò.

Ó yege. Físíìsì ku díẹ̀ kó mú un lulẹ̀, ṣùgbọ́n kẹ́mísírì gbé e. Wọ́n pè é sí Yábàá kí wọ́n lè fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Àwọn mẹ́ta ló jókòó dè é, wọ́n sì bi í pé kí ló dé tó fi fẹ́ di apòògùn.

Ó ti kọ́ ìdáhùn kan sórí, èyí tí bàbá rẹ̀ kọ fún un, ọ̀rọ̀ ìlọsíwájú Nàìjíríà ló kún inú rẹ̀. Ó ṣí ẹnu láti sọ ọ́, ìdáhùn náà sì sá lọ. Ohun tó jáde ni èyí: "Láti ọdún tó kọjá ni àwọn èèyàn ti ń gbé ìrora wọn wá bá mi nílé, mo sì ń sọ fún wọn pé mi ò mọ̀. Ẹnu ti rẹ̀ mí. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé ohun tí màá máa sọ títí ayé mi nìyẹn."

Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan kọ nǹkan sílẹ̀. Ẹ̀kẹta, ọkùnrin àgbà kan, ní, "Ìwọ yóò ṣì máa sọ ọ́ tóo bá parí níbí. Apòògùn tí kò lè sọ pé òun kò mọ̀, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí." Phoebe jáde, kò mọ̀ bóyá ó ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́ tàbí ó ti tún un ṣe.

Wọ́n gbà á wọlé. Nígbà tí ìròyìn náà dé Sókótó, ó bẹ bàbá rẹ̀ pé kó má dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá ní kò burú. Lọ́jọ́ ìsinmi, ó dìde. Tíṣà Isaac ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ní ọjọ́ tí Phoebe ń lọ, Málàmù Sàní wá kí i ní ibi tí lọ́rì ti ń gbéra, ó fún un ní ọ̀pá dígí kékeré tí wọ́n fi ń ro omi nínú ìgò, ó fi bébà wé e, ó ní kó má jẹ́ kó fọ́. Ìyá Bùsírátù gbé góòrò tó dára wá, ó gbàdúrà gígùn fún un ní èdè Lárúbáwá àti Yorùbá, awakọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Ìyá Phoebe kò sọ púpọ̀. Ó bi Málàmù pé ṣé ọmọ míì wà tí yóò máa wá ní Sátidé, nítorí ọwọ́ òun ti dilẹ̀. Málàmù ní kò sí, ṣùgbọ́n Mama lè máa wá kí òun.

Ní Yábàá, wọ́n fi Phoebe sínú yàrá kan pẹ̀lú ọmọbìnrin ará Èkó kan tó ń jẹ́ Títí. Títí ti ṣe kẹ́mísírì àti físíìsì fún ọdún púpọ̀ ní ilé-ìwé ńlá kan, ó sì fẹ́ mọ ilé-ìwé tí ẹnì kejì rẹ̀ ti jáde.

"Níbo lo ti kọ́ kẹ́mísírì tìrẹ?"

Phoebe jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó bọ́ bàtà. Ìrìn-àjò ọjọ́ púpọ̀ ń hó lórí rẹ̀. Ó ronú ibi tí ènìyàn lè ti bẹ̀rẹ̀ irú ìtàn bẹ́ẹ̀, kò rí i.

"Sókótó," ló wí.

"Ilé-ìwé wo ní Sókótó?"

"Ó gùn, Títí. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ wẹ̀." Ó mú kàn-ìn-kàn-ìn àti ọṣẹ, ó sì bèèrè ibi tí omi wà.